Ogún Henry Shaw: Bí Ilẹ̀ Ìgbèríko Oníṣòwò Kan Ṣe Di Ilé Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ewéko ní St. Louis

Ní ìlú St. Louis, ní ìpínlẹ̀ Missouri ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ọgbà ewéko kan wà tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ éékà 79, tí ọ̀pọ̀ ará ìlú náà ṣì máa ń pè ní Ọgbà Shaw, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Missouri Botanical Garden ni orúkọ tí òfin mọ̀ ọ́n sí. Ilẹ̀ tí ọlọ́rọ̀ kan kọ́lé ìgbafẹ́ sí ni ibẹ̀ jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Henry Shaw, ẹni tí ó ni ín, kò gbéyàwó rí, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀, èyíinì ni ìwé tí ènìyàn fi ń sọ bí a ó ṣe pín ohun ìní òun lẹ́yìn ikú, pé kí ilẹ̀ náà, ilé orí rẹ̀, àwọn ìwé àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú dúkìá òun di ohun tí a ó máa fi gbé ìmọ̀ ewéko ga fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Àwọn òpìtàn ìlú náà sábà máa ń yin ọwọ́ ọ̀làwọ́ tí ó kọ ìwé yìí, ìyìn náà sì tọ́, ṣùgbọ́n bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà fínnífínní, a ó rí i pé ẹ̀bùn nìkan kọ́ ni ó sọ ọgbà di ilé ẹ̀kọ́. Àwọn onímọ̀ tí kò jẹ́ kí Shaw sinmi, yunifásítì tí ó gbà láti bá a da iṣẹ́ pọ̀, àti ilé ẹjọ́ tí ó tú ìdè kan tí òun fúnra rẹ̀ dì, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ṣiṣẹ́ fún ọlọ́rọ̀ yìí láìgba owó, tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìhágún náà.

Wọ́n bí Shaw ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1800 ní Sheffield, ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí àti irin iṣẹ́ tí wọ́n ń rọ níbẹ̀. Ní 1818 ó bá bàbá rẹ̀ sọdá òkun lọ sí Kánádà, láti ibẹ̀ ó lọ sí New Orleans, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1819, ó gúnlẹ̀ sí St. Louis, tí ó ṣì jẹ́ ìlú kékeré ní etí odò Mississippi, níbi tí àwọn oníṣòwò awọ ẹranko àti àwọn tí ń ṣí lọ tẹ̀dó sí ìhà ìwọ̀-oòrùn ti ń ra ohun tí wọ́n máa lò lọ́nà. Ẹni tí ń lọ gé igbó, tí ń lọ kọ́lé, tí ń lọ dáko, irin ni yóò kọ́kọ́ rà, irin Sheffield ni Shaw sì ń tà, èyí tí ọkọ̀ ń gbé gba ẹnu odò wọlé sí i láti New Orleans. Òwò náà dára fún un débi pé ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì ju ẹni ogójì ọdún lọ, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ èrè ilẹ̀ àti ilé tí ó fi owó rà. Láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀ ni ọrọ̀ rẹ̀ jókòó lé, ọ̀rọ̀ yìí yóò sì di ìṣòro fún àwọn tí ó jogún rẹ̀.

Ní 1849, ayàwòrán ilé George Barnett kọ́ ilé ìgbèríko kan fún un ní ìwọ̀-oòrùn ìlú, lórí ilẹ̀ pápá tí koríko gíga bò nígbà tí Shaw kọ́kọ́ rí i. Tower Grove ni wọ́n sọ ilé náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ó ń rìnrìn àjò káàkiri ilẹ̀ Yúróòpù, ìrìn àjò tí ó sì yí èrò rẹ̀ padà jùlọ ni ti ọdún 1851, nígbà tí ó lọ wo Chatsworth, ààfin ìgbèríko ìjòyè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Duke of Devonshire, tí ọgbà ńlá àti ilé onígíláàsì yí ká, ìyẹn ilé tí a fi gíláàsì bo òrùlé àti ògiri rẹ̀ kí oòrùn lè wọlé kí òtútù má sì wọlé, kí ewéko ilẹ̀ olóoru lè yè ní ilẹ̀ òtútù. Shaw pinnu níbẹ̀ pé òun náà lè ṣe irú rẹ̀ lórí ilẹ̀ òun. Ohun tí ó wù ú ní àkókò yẹn, gẹ́gẹ́ bí a ti lè mọ̀ ọ́n láti inú ohun tí ó ṣe, ni ọgbà ẹlẹ́wà tí àwọn ará ìlú yóò máa wá rìn nínú rẹ̀. Ọgbà tí a ó ti máa ṣe ìwádìí kò tíì sí lọ́kàn rẹ̀.

Ẹni tí ó fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kún èrò náà ni George Engelmann, dókítà oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ń gbé St. Louis, tí ó ń tọ́jú aláìsàn ní ọ̀sán tí ó sì ń fi àkókò tí ó kù kọ̀wé nípa ewéko ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí ọ̀gá lórí ewéko ẹlẹ́gùn-ún aṣálẹ̀ àti lórí àjàrà ìgbẹ́. Shaw kọ̀wé sí William Hooker pẹ̀lú, ẹni tí ó ń ṣàkóso ọgbà ọba ní Kew lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ìmọ̀ràn àwọn méjèèjì sì papọ̀ sí ọ̀nà kan: ọgbà tí kò ní ilé ìkàwé àti àkójọ ewéko gbígbẹ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun tí ó kọjá ẹwà. Àkójọ ewéko gbígbẹ tí wọ́n ń wí yìí ni ibi tí a ti ń tọ́jú ẹ̀ka, ewé, òdòdó àti èso tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, tí a sá gbẹ, tí a lẹ̀ mọ́ bébà líle, tí a sì kọ orúkọ ewéko náà, ibi tí a ti já a, ọjọ́ tí a já a àti orúkọ ẹni tí ó já a sí ẹ̀gbẹ́ kan bébà náà, kí onímọ̀ tí a kò tíì bí lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ẹni ìṣáájú rí. Nígbà tí Engelmann lọ sí Yúróòpù ní apá ìparí àwọn ọdún 1850, Shaw fún un ní owó láti ra ìwé, ó sì rí àkójọ olóògbé Johann Bernhardi ti ìlú Erfurt rà, tí ó ní nǹkan bí 60,000 ewéko gbígbẹ nínú, ní iye tí ó kéré púpọ̀ sí ohun tí ó tó. Wọ́n kọ́ ilé kan fún ìwé àti ewéko wọ̀nyí nínú ọgbà, ilé náà sì ṣì dúró síbẹ̀.

Kò ṣeé ṣe láti sọ ìtàn yìí dé ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọgbà náà láìdúró níbí, nítorí ìpínlẹ̀ ẹrú ni Missouri jẹ́ ní gbogbo àkókò yìí, Shaw sì ti ní ẹrú láti apá ìparí àwọn ọdún 1820. Àwọn ènìyàn tí a jí àwọn baba ńlá wọn kó láti Áfíríkà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé rẹ̀ àti lórí ilẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ọdún tí ọrọ̀ náà ń pọ̀ sí i. Ní 1847, ilé aṣòfin Missouri ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ènìyàn dúdú ní ìwé kíkà tàbí kíkọ, ìbá à jẹ́ ẹrú tàbí òmìnira. Ní ìlú St. Louis kan náà, oníwàásù John Berry Meachum, tí a bí sí oko ẹrú tí ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ra ara rẹ̀ padà, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ènìyàn dúdú lẹ́kọ̀ọ́. Ìtàn tí àwọn ará ibẹ̀ ń sọ láti ìran dé ìran ni pé nígbà tí òfin náà dé, ó kó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ sórí ọkọ̀ kan ní àárín odò Mississippi, níbi tí àṣẹ ìpínlẹ̀ kò dé. Meachum kú ní 1854. Ní òru ọjọ́ 21 oṣù Karùn-ún ọdún 1855, ìyàwó rẹ̀ Mary Meachum wà lára àwọn tí ó mú ẹrú mẹ́sàn-án sọdá odò yìí lọ sí Illinois, ìpínlẹ̀ tí kò gba ẹrú láyè, ṣùgbọ́n àwọn tí ń ṣọ́ wọn ti lúgọ dè wọ́n ní etí odò kejì. Lára àwọn tí ń sá fún òmìnira lóru ọjọ́ náà ni obìnrin kan tí a ń pè ní Esther àti àwọn ọmọ rẹ̀ méjì, Henry Shaw ni ó sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n mú Esther padà, Shaw ní kí wọ́n tà á sí ìsàlẹ̀ odò ní Mississippi, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì bá a lọ. Wọ́n fi ẹ̀sùn olè kan Mary Meachum.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ọgbà náà. Ìwà ìkà tí a hù sí Esther àti ìfẹ́ tí ọkùnrin kan náà ní sí òdòdó àti sí ìgbádùn àwọn ará ìlú kò pa ara wọn rẹ́. Àwọn méjèèjì jọ wà nínú ayé ẹni kan ni, òpìtàn tí ó bá sì mẹ́nu kan èkejì láìmẹ́nu kan èkíní ti gé ìtàn náà sí méjì.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1859, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin kan tí ó fún Shaw láṣẹ láti fi ilẹ̀ náà lé ìgbìmọ̀ olùtọ́jú ogún lọ́wọ́ fún ire gbogbo ènìyàn, ní oṣù Kẹfà ọdún náà sì ni a ṣí ọgbà sílẹ̀ fún aráàlú. Àwọn ènìyàn ń wọ́ wá, ṣùgbọ́n fún ohun tí ó ju ogún ọdún lọ, iṣẹ́ ìwádìí tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò tó nǹkan, èyí sì ń dun Engelmann, tí ó ń kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ Asa Gray, onímọ̀ ewéko ní yunifásítì Harvard, nípa rẹ̀. Òmìnira àwọn ẹrú dé sí Missouri ní oṣù Kìíní ọdún 1865. Ní 1868 Shaw fún ìlú ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà náà, èyí tí ó di ọgbà ìgbafẹ́ Tower Grove. Engelmann kú ní 1884, ìgbà tí ó kú tán ni ohun tí ó ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ.

Shaw, tí ó ti di ẹni ọdún 84, bẹ Gray fún ìmọ̀ràn lórí ohun tí ọgbà náà yóò dà lẹ́yìn òun. Èsì Gray ni pé kí a so ọgbà mọ́ yunifásítì, kí a sì wá ọ̀dọ́mọdé onímọ̀ kan tí yóò jẹ́ olùkọ́ níhìn-ín àti aṣèwádìí lọ́hùn-ún. Ní 1885 ni Shaw fi owó ilé àti ilẹ̀ dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ewéko sílẹ̀ ní yunifásítì Washington ní St. Louis, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, wọ́n sì fi orúkọ Engelmann pe oyè ọ̀jọ̀gbọ́n ibẹ̀. William Trelease, tí ó ń kọ́ni ní Wisconsin, ni Gray tọ́ka sí, òun ni ó sì kọ́kọ́ jẹ oyè náà. Ohun tí a ń wí níbí ṣe pàtàkì ju bí ó ti hàn lójú lọ: láti ọjọ́ yìí ni ọgbà náà ti ní akẹ́kọ̀ọ́, èyíinì ni àwọn ènìyàn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìdí tí a fi ń tọ́jú ewéko gbígbẹ, kí wọ́n sì tú u wò.

Shaw kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, a sì sin ín sínú ọgbà náà, ní ibi tí òun fúnra rẹ̀ ti pèsè sílẹ̀. Ìwé ìhágún rẹ̀, tí ó ti kọ láti 1885, kún fún àṣẹ. Ó yan ìgbìmọ̀ olùtọ́jú ogún, ó sì pa á láṣẹ pé kí àwọn kan máa wà nínú rẹ̀ nítorí ipò wọn: olórí ìlú, bíṣọ́ọ̀bù ìjọ Episcopal, olórí yunifásítì Washington, ààrẹ ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ìlú náà, àti ààrẹ ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ìyànnípò ìkẹyìn yìí fi hàn pé kò fẹ́ kí ogún òun jẹ́ ti àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan. Ó ní kí a máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọgbà, kí iṣẹ́ ọwọ́ àti ìmọ̀ ìwé jọ máa lọ. Trelease, tí ó di olùdarí ọgbà, fi èyí ṣe ìṣe nípa gbígba àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin díẹ̀ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà tí wọ́n sì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ewéko. Ó ní kí a máa wàásù lọ́dọọdún nípa ọgbọ́n àti oore Ọlọ́run tí ó hàn nínú òdòdó, kí a sì máa se àsè fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà. Ó tilẹ̀ ní kí a tú ilé òun tí ó wà láàárín ìlú palẹ̀, kí a sì tún un kọ́ sínú ọgbà, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1891. Àmọ́, ó fi dandan lé e pé ọjọ́ Ìsinmi méjì péré lọ́dún ni kí a máa ṣí ọgbà náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni àwọn lébìrà ìlú nígbà náà ń ráyè. Èyí kò bá èrò rere tí ó wà nínú ìyókù ìwé náà mu.

Àṣẹ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ogún náà lára ni ti ilẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ olórí ẹbí ní ilẹ̀ Yorùbá ti máa ń kìlọ̀ kí wọ́n tó kú pé a kò gbọdọ̀ ta ilẹ̀ ẹbí, bẹ́ẹ̀ ni Shaw ṣe fi òfin de púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí ó fi sílẹ̀: kí a yá a fún àwọn ayálégbé, ṣùgbọ́n kí a má ṣe tà á. Láìpẹ́ ìlú gbòòrò dé ibẹ̀, wọ́n la òpópónà gba inú rẹ̀, owó orí àti owó títì tí a ń bu lé ilẹ̀ tí kò mú èrè wá sì ń jẹ owó tí ó yẹ kí a fi san olùkọ́ kí a sì fi ra ìwé. Àwọn olùtọ́jú ogún gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù, ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ní ìpínlẹ̀ náà sì dá a ní 1899 pé wọ́n lè ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ìdí tí olóògbé fi fi ogún sílẹ̀ ni ó ga ju ọ̀nà tí ó ní kí a gbà tọ́jú rẹ̀, bí ọ̀nà náà bá sì fẹ́ pa ìdí náà, ọ̀nà ni yóò yí padà. Àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà ṣì ń tọ́ka sí ẹjọ́ yìí, ó sì yẹ kí a kà á mọ́ ohun tí ó gba ilé ẹ̀kọ́ náà là.

Ọ̀tá mìíràn tún wá láti ojú ọ̀run. Èédú ilẹ̀ ni gbogbo St. Louis ń jó nínú ilé àti nínú ilé iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, èéfín rẹ̀ sì nípọn débi pé àwọn igi abéwé-bí-abẹ́rẹ́ ń kú, òdòdó inú ilé onígíláàsì náà kò sì rí oòrùn tó. Ní 1925, àwọn olùtọ́jú ra ilẹ̀ ńlá ní Gray Summit, lẹ́yìn odi ìlú, wọ́n kó àwọn òdòdó tí ó rọ̀ jùlọ lọ síbẹ̀, wọ́n sì rò pé gbogbo ọgbà ni yóò ṣí tẹ̀ lé wọn. Ṣùgbọ́n ìlú ṣe òfin lórí èéfín ní 1940, afẹ́fẹ́ mọ́, ọgbà dúró síbi tí ó wà, ilẹ̀ Gray Summit sì di ibi tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé nípa igbó àti pápá.

Ní àárín àwọn ọdún èéfín yẹn ni iṣẹ́ kan jáde láti inú ọgbà náà tí ó ti kọ́ ènìyàn ju ohunkóhun mìíràn tí ó ti ibẹ̀ wá. Edgar Anderson, tí ó dé ibẹ̀ ní 1922 gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ àbímọ́, èyíinì ni ẹni tí ń wádìí bí ìrísí àti ìṣesí ṣe ń ti ara òbí bọ́ sí ara ọmọ, fẹ́ mọ bí ẹ̀yà ewéko kan ṣe ń yà kúrò lára èkejì, ó sì mú òdòdó iris ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń lọ láti pápá dé pápá, ó ń wọn gígùn àti fífẹ̀ ewé òdòdó inú àti ti ìta, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wọ̀n ni ó sì já ní etíkun Gaspé ní Kánádà. Ní 1936, onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ronald Fisher, mú òdòdó 150 lára wọn, àádọ́ta láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀yà mẹ́ta, ó sì fi wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe lè fi ìwọ̀n mẹ́rin mọ ẹ̀yà tí òdòdó kan jẹ́. Lónìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ́ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dá nǹkan mọ̀ yàtọ̀ síra, ní Èkó tàbí ní ibikíbi, tí olùkọ́ kì í kọ́kọ́ gbé tábìlì òdòdó 150 yìí síwájú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Fisher ni wọ́n sábà ń dá, tí wọ́n sì ń gbàgbé Anderson tí ó tẹ̀ ba lórí pápá láti wọ̀n wọ́n.

Ilé onígíláàsì rìbìtì tí wọ́n ń pè ní Climatron, tí kò ní òpó kankan nínú, ni wọ́n ṣí ní 1960 fún ewéko igbó ẹgàn. Láti 1971 títí di 2010, lábẹ́ ìdarí Peter Raven, ọgbà náà rán àwọn onímọ̀ lọ sí Gúúsù Amẹ́ríkà, Madagásíkà àti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ mìíràn, ó sì ń dá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ wọ̀nyẹn lẹ́kọ̀ọ́ kí iṣẹ́ náà lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àkójọ tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bernhardi ti ju mílíọ̀nù mẹ́fà ewéko gbígbẹ lọ báyìí. Wọ́n fi orúkọ àti àkọsílẹ̀ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ orúkọ Tropicos, tí olùkọ́ tí ó bá wà ní Ìbàdàn fi lè wá igi ìrókò lórí rẹ̀ lábẹ́ orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un, Milicia excelsa, kí ó sì rí ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ àti ìwé tí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Lára bébà ewéko gbígbẹ kọ̀ọ̀kan ni a ti lè ka orúkọ, ibi, ọjọ́ àti ọwọ́ tí ó já a, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ẹrú tí ó ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ kan náà kò fi nǹkan kan sílẹ̀ bí kò ṣe ohun tí a kọ sínú ìwé owó orí àti ìwé ọjà, níbi tí a ti kà wọ́n mọ́ dúkìá. Ọgbà náà ti ń sọ ìtàn yìí fún àwọn àlejò rẹ̀ ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, èyí tí ó pẹ́ jù, ṣùgbọ́n tí ó bá iṣẹ́ ilé tí a kọ́ fún àkọsílẹ̀ mu. Ibi tí Esther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti wọ ọkọ̀ ní etí odò Mississippi ní 1855 ni a sọ ní ibi ìsọdá òmìnira Mary Meachum ní 2001, ní àríwá àárín ìlú St. Louis.